Orúkọ Márùn-ún Lábẹ́ Òpó Kan

Ní ọjọ́ kan tí àwa ọmọ agboolé wa péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá wa àgbà láti fi ọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ kan tí ìdílé fẹ́ pín, lọ́yà tí a pè gbé awò bọ ojú, ó ka orúkọ àwọn ọkùnrin márùn-ún tí ó jókòó lórí àga gbọọrọ níwájú rẹ̀, ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gbé orí sókè bí ẹni tí a fi owó ayédèrú lé lọ́wọ́. Ẹni kìíní ń jẹ́ Fákúnlé, ẹni kejì ń jẹ́ Olúkúnlé, ẹni kẹta ń jẹ́ Àkànní, ẹni kẹrin ń jẹ́ Lásísì, ẹni karùn-ún, tí òun gan-an sì dàgbà jù nínú wọn, ń jẹ́ Williams. “Ẹ̀yin bàbá mi,” ni lọ́yà wí, “ẹ má bínú o, bí adájọ́ bá bi mí pé níbo ni ẹ ti bá ara yín tan, kí ni kí n fi hàn án?” Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó bí bàbá àwọn márààrún; ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wọn, nítorí pé kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó ní ìwé kankan tí ó lè gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ orúkọ ti gbà mí lọ́kàn. Àwọn baba wa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá sì ń wá ìtàn ìdílé rẹ̀ lónìí, ọ̀nà kan náà ni yóò tọ̀, àfi pé yóò fi ẹ̀yìn rìn ín, tí yóò máa wo orúkọ kí ó tó mọ ilé. Ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń dì mú, èyí tí à ń pè ní orúkọ bàbá tàbí orúkọ ìdílé, tí ó wà nínú ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ àti nínú ìwé ìrìnnà wa, òun ni ó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú gbogbo orúkọ tí ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. A rò pé gbòǹgbò igi ni, bẹ́ẹ̀ ni ojú ibi tí kálàmù akọ̀wé kan dúró sí ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé ìsun odò rẹ̀, àfi kí ó mọ bí a ti ń jẹ́ orúkọ kí akọ̀wé tó dé, kí ó sì mọ ohun tí ojú orúkọ rí kí ó tó bọ́ sínú ìwé.

Ní ayé àtijọ́, ọmọ kan kì í jẹ́ orúkọ kan. Nígbà tí ó bá pé ọjọ́ kẹsàn-án tí a bí ọmọkùnrin, tàbí ọjọ́ keje tí a bí ọmọbìnrin, tàbí ọjọ́ kẹjọ tí a bí ìbejì, a ó gbé omi tútù sínú àwo, a ó to obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ síwájú, bàbá ọmọ yóò sọ owó sínú omi, yóò pe orúkọ kan, bàbá àgbà yóò sọ tirẹ̀, ìyá ìyá ọmọ pàápàá kò ní í dákẹ́. Kí oúnjẹ tó délẹ̀, ọmọ ọwọ́ tí kò ì tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì ti ní orúkọ mẹ́fà tàbí méje, ilé kọ̀ọ̀kan sì ni yóò máa fi èyí tí ó wù ú pè é. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùwádìí fi sọ́kàn: ọkùnrin tí a mọ̀ sí Ògúndélé ní ilé bàbá rẹ̀ lè jẹ́ Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ ní ilé ìyá rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ irọ́ níhà méjèèjì.

A ní orúkọ àmútọ̀runwá, èyí tí ọmọ mú bọ̀ láti ọ̀run, tí kò sí àgbà tí ó lè fi dù ú. Ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni Àjàyí, èyí tí ó bá ti ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè, èyí tí ó bá gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn ni Òjó bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, tàbí Àìná bí ó bá jẹ́ obìnrin. Èyí tí irun orí rẹ̀ bá ta kókó ni Dàda, èyí tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ láìrí nǹkan oṣù ni Ilọ̀rí, a kò sì ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ti Táíwò àti Kẹ́hìndé, tí Ìdòwú àti Àlàbá ń tọ̀ lẹ́yìn. Orúkọ wọ̀nyí ń jẹ́rìí sí ohun tí agbẹ̀bí rí lórí ẹní ìkúnlẹ̀, wọn kò sì sọ nǹkan kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá tọpasẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá ńlá kan tí ìwé kàn pè ní Òjó ti mọ bí a ti bí bàbá náà, ṣùgbọ́n ó kù sí i láti mọ ilé tí a bí i sí, nítorí pé Òjó wà ní Ọ̀yọ́, Òjó wà ní Ìjẹ̀bú, Òjó sì wà ní Kétu.

Orúkọ àbísọ ni ó ń tọ́ka sí ilé. Nínú orúkọ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ tí ó ṣíwájú ni ìka tí ó ń júwe ọ̀nà. Fá, Awo àti Ọ̀pẹ ń júwe ilé Ifá. Ọ̀jẹ̀ ń júwe ilé eléégún. Ọdẹ́ ń júwe ilé ọdẹ. Adé ń júwe ààfin, Oyè ń júwe ilé olóyè. Bí o bá gbọ́ Àyánkúnlé, Àyándélé tàbí Àyántúndé, má ṣe béèrè iṣẹ́ bàbá rẹ̀ mọ́, ọmọ onílù ni, ìlù ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Bí o bá gbọ́ Ṣó ní ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ, gẹ́gẹ́ bí ti Ṣódẹkẹ́ tí ó kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí 1830, Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú ni kí o kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí pé níbẹ̀ ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ jẹ́ kí á mú orúkọ ẹnìkan ṣoṣo, kí á sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà kan jáde láti Ìlá Ọ̀ràngún, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kan ìlú òyìnbó, tí ó sì kú ní ọdún 2009: Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀. Fákẹ́yẹ sọ fún wa pé ìdílé náà ti tẹ́wọ́ gba ẹ̀yẹ lọ́wọ́ Ifá rí. Ọlọ́nàdé sọ pé oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n láti ìran dé ìran, àti pé ní ọjọ́ tí a bí ọmọ yìí, wọ́n ní ọlọ́nà mìíràn dé. Lámídì, tí ẹnu Yorùbá gbà láti ara Abdul-Hamid, sì sọ pé ìmọ́lẹ̀ Ìsìláàmù ti wọ ilé náà. Orúkọ mẹ́ta péré ni, ó sì tó ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún fún ẹni tí ó bá ní etí.

Síbẹ̀, gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń jẹ́ Adé ni bàbá rẹ̀ dé adé rí, nítorí pé ìyá lè ti ààfin wá fẹ́ àgbẹ̀, kí ó sì mú adé wọ inú orúkọ ọmọ àgbẹ̀. Ẹni tí ń jẹ́ Ògún lè jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ, ó lè jẹ́ ọmọ ọdẹ, ó lè jẹ́ ọmọ jagunjagun, ó sì lè jẹ́ ọmọ olóòlà, nítorí pé gbogbo ẹni tí irin ń bọ́ ni ó ń bọ Ògún. Nítorí náà orúkọ kan ṣoṣo kì í tó ẹlẹ́rìí; ìgbà tí a bá rí orúkọ bàbá, ti ẹ̀gbọ́n àti ti àbúrò pọ̀, tí Fá wà lára gbogbo wọn, nígbà náà ni a lè fi ọwọ́ sọ̀yà.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orúkọ a máa pa ìtàn mọ́ tí òpìtàn kankan kò kọ sílẹ̀. Ọba kan jẹ ní Èkó láti 1845 títí di òpin 1851, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ọkọ̀ ogun lé e kúrò lórí oyè, tí ó sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Gbogbo ìwé ìtàn ni ó ń sọ ti ogun rẹ̀ àti ti òwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kòsọ́kọ́ ni orúkọ rẹ̀, àbíkú ni a sì ń sọ bẹ́ẹ̀, pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọ́, nítorí náà jókòó. Ẹni tí ó bá mọ èdè, tí ó sì gbọ́ orúkọ yìí, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò aláròyé láti mọ̀ pé omijé ti dà ní ìyẹ̀wù kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí a tó bí ọmọ náà. Bákan náà ni Babátúndé àti Ìyábọ̀ ń sọ fún wa pé bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ papò dà ni. Bí a bá sì mọ ọjọ́ orí Babátúndé, a ti súnmọ́ ọdún tí bàbá àgbà kú, bí a kò tilẹ̀ rí sàréè rẹ̀.

Lẹ́yìn àbísọ ni oríkì wà, èyí tí ó jẹ́ orúkọ ìkẹ́: Àkànní, Àjàní, Àlàó àti Àyìnlá fún ọkùnrin, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́ àti Àwẹ̀ró fún obìnrin. Lẹ́yìn oríkì ni orílẹ̀ wà, òun sì ni òkúta ìpìlẹ̀. Orílẹ̀ kì í ṣe ti ẹnìkan, ti gbogbo ìran ni. Òun ni ó ń sọ ìlú tí ìran náà ti ṣẹ̀ wá, ohun tí wọ́n fi ṣe àmì ara wọn, ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí àwọn ará ibẹ̀ sì fọ́n ká bí ẹyẹ tí a yìnbọn sí, ọmọ Ìkòyí, ọmọ Ìgbórí, ọmọ Ìyèrú Ọ̀kín àti ọmọ Òpómúléró bá ara wọn ní Ìbàdàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Òṣogbo àti ní Abẹ́òkúta. Wọ́n pàdánù ilé, wọ́n pàdánù oko, ṣùgbọ́n orílẹ̀ kò wúwo lẹ́rù, ahọ́n ni wọ́n fi rù ú. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì rí i tẹ̀ jáde títí di 1921, kò gbàgbé láti ya àyè sọ́tọ̀ fún orúkọ, oríkì àti orílẹ̀; ní 1967, Adébóyè Babalọlá kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú oríkì wọ̀nyí jọ sínú ìwé kan. Ṣùgbọ́n kí ìwé tó mọ̀ wọ́n, àwọn obìnrin ilé ni ilé ìkàwé wa. Ìyàwó tí a gbé wọlé kò gbọdọ̀ pe orúkọ ọkọ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pe ti ọmọ ilé tí ó bá nílẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ọdún mẹ́ta. Oríkì ni ó gbọ́dọ̀ fi máa kí wọn láàárọ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ẹni tí ó ti ilé mìíràn wá ni ó ń mọ ìtàn ilé jù ọmọ ilé lọ.

Kí wá ni orúkọ lè ṣe nígbà tí a bá fa ọmọ tu kúrò ní agboolé rẹ̀ bí ẹni fa ẹ̀fọ́ tu? Ní 1821, ogun kó ìlú Òṣoògùn, wọ́n sì mú ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju nǹkan bí ọdún méjìlá lọ. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà ní 1822, wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Nígbà tí a ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ni a fún un, ó di Samuel Crowther. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá béèrè Crowther ní Òṣoògùn kò lè rí ẹni dá a lóhùn, ẹni tí ó bá sì ń wá Àjàyí nínú ìwé àwọn òyìnbó gbọ́dọ̀ wá a dáadáa. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá lẹ́yìn tí ogun ti kó o. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ìyá rẹ̀, Àfàlá, wá bá a ní Abẹ́òkúta. Ìyá wo ọmọ, ọmọ wo ìyá, kò sí ẹni tí ó lè fọhùn. Nígbà tí ohùn padà sí ìyá lẹ́nu, kò pe Crowther, nítorí pé kò mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ìyá òun ti di òun lọ́wọ́ mú tí ó ń gbọ̀n, àwọn orúkọ tí ìyá àgbà òun fi ń pe òun ní kékeré, ìyá àgbà tí ó ti kú sí oko ẹrú, ni ó ń pè, òun sì rántí gbogbo wọn. Ní 1848 ni Àfàlá gba ìrìbọmi, tí a fún un ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Nínú gbogbo ìtàn orúkọ tí mo mọ̀, èyí nìkan ni mo ti rí i kí orúkọ ìyá ti ara orúkọ ọmọ wá.

Gbogbo ẹni tí a kó lẹ́rú kọ́ ni ó rí ìyá rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láti 1819 lọ, ní Freetown àti ní Havana ní ilẹ̀ Kúbà, ilé-ẹjọ́ tí ń dá àwọn tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú sílẹ̀ a máa kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti àpá ara ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ńlá, ó sì lé ní 91,000 ènìyàn tí àwọn òpìtàn ti kó orúkọ wọn jọ láti inú ìwé wọ̀nyí. Akọ̀wé tí ó kọ ọ́ kò gbọ́ èdè, bí ó bá ti dún létí rẹ̀ ni ó kọ ọ́. A ní láti kà á sókè kí etí ọmọ Yorùbá tó lè yọ Òjó àti Àjàyí jáde láti inú àwọn lẹ́tà tí wọ́n lọ́ mọ́ra bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó wà ní oko ìrèké Kúbà kò tilẹ̀ rí èyí gbà: orúkọ ẹni mímọ́ kan ni a fún wọn, a sì fi Lucumí, orúkọ tí a fi ń pe ẹ̀yà wa níbẹ̀, kún un bí ẹni pé bàbá kan náà ni ó bí gbogbo wọn.

Láti 1839 ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí a dá sílẹ̀ ní Freetown àti àwọn ọmọ wọn, ti ń padà wá sí Bádágrì àti Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà sí Èkó, pẹ̀lú Johnson, Cole, Davies, Macaulay àti Williams lọ́rùn wọn bí táì. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì àti àwọn ọmọ wọn, náà ń ti Bahia níbẹ̀ bọ̀, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ṣe níbẹ̀ ní 1835, àwọn sì mú da Silva, Pereira, Cardoso àti da Rocha bọ̀ wá sí Pópó Àgùdà ní Èkó. Nínú wọn ni João Esan da Rocha wà, tí a kó lẹ́rú ní kékeré láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: orúkọ Potogí wà níwájú, orúkọ Potogí wà lẹ́yìn, Esan sì sápamọ́ sí àárín méjèèjì bí ẹyọ owó tí a dì mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ. Nígbà tí ó sì di nǹkan bí 1880 sí 1900, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ọ̀dọ́ Èkó nítorí orúkọ àyálò wọ̀nyí. David Brown Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi, ṣí orúkọ náà sọnù ní 1894, ó di Mojola Agbebi. Jacob Henry Samuel di Adegboyega Edun. Edmund Macaulay, lọ́yà, di Kitoyi Ajasa. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹni tí ó pààrọ̀ orúkọ ni ó fẹ́ràn ilé jù. Kitoyi Ajasa tí ó gba orúkọ ilẹ̀ wa dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní 1914, ìwé náà sì di agbẹnusọ fún ìjọba amúnisìn, àwọn òyìnbó sì fi oyè Sir dá a lọ́lá. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Crowther, tí bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ Òjó láti agbègbè Ìkìrun, kò bọ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kú, òun sì ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní 1923, tí ó ta ko ìjọba náà tí kò sinmi. Orúkọ ń fi ibi tí ẹsẹ̀ ti kọjá hàn wá; ohun tí ó wà nínú ọkàn kò sí lára rẹ̀.

Èyí ni ti Èkó. Ní òkè, níbi tí kò sí Sàró, ilé-ẹ̀kọ́, sọ́ọ̀ṣì àti ìwé owó orí ni ó mú orúkọ ìdílé wá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ wọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ bí esú, olùkọ́ yóò ní kí ọmọ gbé ọwọ́ gba orí kọjá kí ó fi kan etí òdìkejì, bí ọwọ́ bá ti kan etí, yóò ṣí ìwé, yóò béèrè pé, “Kí ni orúkọ bàbá rẹ?” Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn kan ní ilé Yorùbá. Ọmọ kì í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ, ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ pè é. Ohun tí ọmọ bá ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyàwó ilé ni yóò sọ, olùkọ́ yóò sì kọ ọ́, yíǹkì yóò gbẹ, ó parí. Báyìí ni bàbá mi kẹta ṣe di Àkànní, oríkì bàbá rẹ̀. Fákúnlé mọ orúkọ bàbá àgbà nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó gbé dàgbà. Bàbá Lásísì ti gba Ìsìláàmù, Abdul-Aziz ni àáfáà sọ ọ́, agboolé sì sọ ọ́ di Lásísì. Ní ti Williams, ọmọ ọ̀dọ̀ ni a fi ṣe ní ilé Sàró kan ní Èkó, orúkọ onílé ni ó sì bá wọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ọ̀pọ̀ ọmọ òkè ti ṣe nígbà náà.

Olúkúnlé ni ó kù. Fákúnlé ni òun náà ń jẹ́ títí ó fi di ọmọ sọ́ọ̀ṣì tòótọ́, tí wọ́n ní kò yẹ kí Ifá máa bá onígbàgbọ́ gun pẹpẹ, ó sì fi Olú dípò Fá. Òun nìkan kọ́. Ògún ti di Olú ní ọ̀pọ̀ ilé, Èṣù ti di Olú, Ifá ti di Jésù, èmi kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹni tí ó ń sìn. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé bí Ògún, Èṣù àti Ifá bá ti para pọ̀ di Olú, ìka tí ó ń júwe ọ̀nà ti ká kò. Ọmọ alágbẹ̀dẹ àti ọmọ babaláwo di ọ̀kan náà, ọmọ ọmọ wọn yóò sì béèrè iṣẹ́ bàbá ńlá wọn títí, kò ní í sí ẹni tí yóò dá wọn lóhùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí orúkọ padà, ó kéré tán, kí ó kọ ti àtijọ́ sí ẹ̀yìn Bíbélì ilé rẹ̀.

Bí a bá sì fẹ́ mọ bí okùn náà ti yi tó, kí á tẹ̀lé ọkùnrin kan dé Kétu. Deoscóredes Maximiliano dos Santos, tí gbogbo Bahia mọ̀ sí Mestre Didi, ni a bí ní 1917. Orúkọ rẹ̀ gùn bí ojú irin, kò sì sí ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan nínú rẹ̀. Dos Santos, tí ó túmọ̀ sí ti àwọn ẹni mímọ́, pọ̀ ní Bràsíìlì bí iyanrìn. Ṣùgbọ́n ìran ìyá ìyá rẹ̀ ti fi oríkì kúkúrú kan lé ara wọn lọ́wọ́, láti ẹnu dé ẹnu, láti àkókò ẹrú, èyí tí ó pe orúkọ Àṣípa. Ní 1967, òun àti aya rẹ̀, pẹ̀lú Pierre Verger, Faransé tí ó gba orúkọ Fátúmbí ní Kétu níbẹ̀ gan-an ní 1953, wọ ààfin Alákétu. Wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀, Mestre Didi sì pe oríkì náà jáde. Ọba dìde, ó nawọ́ sí apá kan ìlú, ó ní ìdílé Àṣípa wà níbẹ̀. Wọ́n sì mú un lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀. Ohun tí orúkọ gígùn inú ìwé ìrìnnà kò lè ṣe, oríkì kan tí kò gùn ju èémí kan lọ ni ó ṣe é, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní òdìkejì òkun.

Ìtàn yìí kò tíì dé etí mi ní ọjọ́ tí lọ́yà gbé awò bọ ojú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Àwọn àgbà ń wo ara wọn, ọ̀kan ní kí á lọ wá ìwé ìrìbọmi, òmíràn ní kí á lọ búra ní kóòtù. Níbi tí wọ́n ti ń jiyàn ni ìyàwó ilé tí ó pẹ́ jù ní agboolé, tí ọjọ́ ti tẹ̀ ní ẹ̀yìn, ti gbé omi mímu wọlé fún àlejò. Kò mọ ohun tí à ń sọ, kò sì béèrè. Ó gbé omi kalẹ̀, ó fi ọwọ́ ti orúnkún, ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ọkọ rẹ̀ láti orí àga kan dé èkejì. Ẹni tí lọ́yà pè ní Williams, Àjàmú ni ìyá pè é; ẹni tí ó pè ní Lásísì, Àlàó ni; Olúkúnlé di Àdìgún, Fákúnlé di Àjàgbé, Àkànní alára di Àyìnlá, nítorí pé oríkì bàbá rẹ̀ ni ó ń jẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń parí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ibì kan náà ni ó ń gúnlẹ̀ sí, ìgbà márùn-ún, láìfi ọ̀kan pe méjì: ọmọ Òpómúléró.

Lọ́yà bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi ìyá pé ta ni ó kọ́ ọ ní gbogbo èyí. Ìyá ní ìyá ọkọ òun ni, ní ọdún tí wọ́n gbé òun wọlé, kí òun tó mọ ọ̀nà odò. Ni lọ́yà bá ṣí kálàmù, ó wo àwọn bàbá mi márààrún, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni a ti ń kọ Òpómúléró?” Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ rí, ìyá ni ó ní kí á máa tún un pè, ó ń pè é, lọ́yà ń kọ ọ́.